Orúkọ Tí Wọ́n Sọ Di Èébú

Olúmúyìwá Ògúnmọ́lá jẹ́ òǹtẹ̀wé ní Ṣómólú. Ní oṣù Kẹta ọdún tí a wà yìí, Ọlọ́run ká a mọ́ inú ilé ara rẹ̀.

Kì í mu ọtí. Kì í lo oògùn. Òun ni ààrẹ àwọn tí wọ́n jọ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan tí í ṣe ti ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Bàrígà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ yìí fẹ́ràn ara wọn ju ọmọ ìyá lọ. Bí ọ̀kan ṣòfò, gbogbo wọn a fò sókè. Àwọn ni wọ́n bá Múyìwá wá ìyàwó. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí í gbé iṣẹ́ ìtẹ̀wé fún ẹlòmíràn. Ohun gbogbo tí ó jẹ́, ọ̀dọ̀ wọn ni ó ti rí i.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan láàárín ara wọn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ mú ẹran méjì nínú àwo, wọ́n a ní, “Ọ̀gbẹ́ni, má ṣe Jáfẹ́tì fún wa.” Ẹ̀rín a sọ. Ti Múyìwá ni ó máa ń ròkè jù.

Ọmọ Ìlàjẹ ni Jáfẹ́tì, ọmọ apẹja etí ọ̀sà. Òun àti Múyìwá ni wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Ní ọdún tí wọn yóò jáde, bàbá Múyìwá ni ó tẹ ìwé ìbéèrè ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ náà. Múyìwá jí ẹyọ kan. Nígbà tí àṣírí fẹ́ tú, tí àwọn olùkọ́ ń yẹ àpò wò, ó ti ìwé náà bọ inú àpò Jáfẹ́tì.

Níbi àdúrà òwúrọ̀ ni ọ̀gá àgbà ti pe Jáfẹ́tì jáde, tí ó sì lé e lójú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ náà ń wí pé, “Èmi kọ́, sà.” Ta ni yóò gbà á gbọ́? Kò padà sídìí ìwé mọ́. Apẹja ni ó dà, ọdún karùn-ún sì nìyí tí ọ̀sà ti gbé e lọ.

Ní oṣù Kẹta náà, Níní, ọmọ Múyìwá, ti ilé-ẹ̀kọ́ yẹn kan náà sunkún wọlé.

“Dádì, wọ́n ní mo ṣe Jáfẹ́tì.”

“Kí ni o wí?”

“Wọ́n ní mo jíwèé wò. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń pè é. Mi ò ṣe é, Dádì. Ta tiẹ̀ ni ń jẹ́ Jáfẹ́tì?”

Múyìwá ní kí ó lọ bọ́jú.

Ní ọjọ́ kejì, Múyìwá fi ìbínú wọ ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ bá Tàbítà, ẹlẹgbẹ́ wọn tí ó di olùkọ́ níbẹ̀. “Ọmọ mi sọ pé òun kò ṣe é.”

“Kò ṣe é lóòótọ́,” ni Tàbítà wí. “Mo ti yẹ ìwé rẹ̀ wò, a ó sì sọ ọ́ ní gbangba. Kò sí ẹni tí ó yẹ ọ̀rọ̀ Jáfẹ́tì wò. Èmi náà bá yín rẹ́rìn-ín. Ọdún tí mo gba Jésù ni mo lọ kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ìwọ ńkọ́, Ààrẹ?”

“Èmi ṣe kí ni?”

“Ilé yín ni a ti tẹ ìwé náà. N kò bi ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni Jésù kú fún. Ẹni tí ó bá ń pe ara rẹ̀ ní olódodo, kí ni yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀?”

Ọ̀rọ̀ náà gún un bí ọfà. Láàárín àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ ni ó ti dojú bolẹ̀, tí ó jẹ́wọ́ fún Olúwa, tí ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ẹ̀jẹ̀ Jésù wẹ òun. Ó rí àánú gbà. Ṣùgbọ́n àánú náà kò jẹ́ kí ó jókòó. Ó wá Rèbékà, ìyá Jáfẹ́tì, lọ sí etí ọ̀sà, níbi tí ó ti ń yan ẹja.

“Mà, èmi ni mo fi ìwé yẹn sí àpò Jáfẹ́tì.”

Ìyá náà yí ẹja rẹ̀ padà tán kí ó tó sọ̀rọ̀. “Ìwọ tí o máa ń bá a wá jẹun níbí.”

“Ẹ dárí jì mí, mà.”

“Ọlọ́run yá ju èmi lọ láti dárí jini. Èmi ṣì ń gbìyànjú. Ẹni tí o ṣẹ̀ gan-an, o ò lè rí i mọ́. Wọn kò pe ọmọ mi lólè ní kọ̀rọ̀. Lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti sọ ọ́.”

Ní Ọjọ́ Ajé, Múyìwá dúró níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ níbi àdúrà òwúrọ̀. Ó ti bẹ gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá. Níní wà lórí ìlà. Múyìwá mọ̀ pé bí òun bá la ẹnu, òun kò ní ní ẹgbẹ́ mọ́.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, ta ni ó ń ru ẹ̀ṣẹ̀ rẹ kiri? O lè máa dúró de ọjọ́ tí ó wọ̀. Jáfẹ́tì kò lè dúró. Ronú pìwà dà lónìí, nígbà tí ẹni tí o ṣẹ̀ ṣì lè gbọ́. Kristi tí ó ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ ń pè ọ́. Bí o kò bá dárúkọ ara rẹ níwájú rẹ̀ nísinsìnyí, angẹli yóò dárúkọ rẹ níwájú ayé gbogbo, kò sì ní sí àánú ní ọjọ́ náà.

Múyìwá la ẹnu. “Olè tí ẹ ń pè ní Jáfẹ́tì láti ọjọ́ pípẹ́ wá,” ni ó wí, “Olúmúyìwá Ògúnmọ́lá ni orúkọ rẹ̀.”