Ìwé Ìdánwò Tí Wọn Kò Dá Padà

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kọkànlá ọdún 2019, Toheebat jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà tán, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Kíláàsì àṣekágbá ló wà ní ilé-ìwé girama kan ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó. Ọjọ́ náà ni wọn yóò lẹ èsì ìdánwò tí ilé-ìwé fi ń yan àwọn tí yóò forúkọ sílẹ̀ fún wáẹ̀kì.

Bàrúwà, bàbá rẹ̀, jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìrẹsì ló máa ń gbé wá láti òdìkejì ibodè tẹ́lẹ̀. Láti oṣù kẹjọ tí ìjọba ti ti ẹnubodè pa, kò níṣẹ́ mọ́, inú sì ń tètè bí i.

"Bí o bá tún fìdí rẹmi nínú ìṣirò," ó ní, "má wọ ilé yìí mọ́."

Méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún ni Toheebat gbà. Ó sáré bá Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga, tíṣà ìṣirò.

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, ibo ni mo ti ṣì í?"

"Ṣé o ò rí máàkì rẹ ni? Lọ kàwé."

Nígbà tó di aago méjì ọ̀sán, Azeezat ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ló dé ilé wọn, báàgì Toheebat lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ó ti gba ọ̀nà inú igbó lọ. Ó ní òun ń lọ bá Àńtí Àṣìkẹ́, àbúrò yín, ní Bẹ̀nẹ̀ lódìkejì ibodè."

Mẹ̀dínátù, ìyá rẹ̀, ké tòò. Ta ni kò mọ̀ pé ọ̀nà igbó náà ni àwọn onífàyàwọ́ ń gbà, tí àwọn ṣọ́jà sì ń lúgọ síbẹ̀? Bàrúwà fo mọ́ ọ̀kadà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí epo nínú rẹ̀. Ìjọba kò jẹ́ kí epo dé ìtòsí ibodè mọ́. Ó ju ọ̀kadà sílẹ̀, ó sáré.

Kò tíì dé oko ẹ̀gẹ́ kejì tó fi gbọ́ ìró ìbọn. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kejì.

Òkè ni àwọn ṣọ́jà yìnbọn sí. Ọ̀kadà tó ru ìrẹsì, tó ń sá fún wọn, ló kọ lu Toheebat. Ìdí igi ni bàbá rẹ̀ ti bá a, apá rẹ̀ ti kán.

"Bàbá, ẹ má nà mí," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n má wọlé."

Bàrúwà gbé e pọ̀n, ó sì sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ní ọjọ́ Ajé, Màmá Dinah, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, pe Toheebat, àwọn òbí rẹ̀ àti Olúgbénga jọ. Ó ní kí Olúgbénga kó ìwé ìdánwò Toheebat wá. Láti oṣù kẹsàn-án ló ti ń kó wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù láìdá wọn padà. Màmá Dinah tẹ́ mẹ́ta sórí tábìlì.

"Ẹ wò ó. Tí nọ́ńbà bá ré kọjá àmì ìdọ́gba, àròpọ̀ máa ń di àyọkúrò. Toheebat kì í yí i padà. Àṣìṣe kan náà ló ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Toheebat, ta ló sọ fún ọ rí?"

"Kò sí, mà. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí àwọn ìwé yìí."

"Àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ mi lé ní ọgọ́rùn-ún, mà," Olúgbénga wí.

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí àṣìṣe kan bá pọ̀ nínú ìwé wọn, kọ ọ́ sójú pátákó, kí gbogbo kíláàsì jọ tún un ṣe. Fi àmì sí ibi tí ọmọ ti ṣìnà, dá ìwé náà padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ó sì tún un ṣe lójú rẹ."

Ó kọ ìṣirò kan síwájú Toheebat: ìlọ́po mẹ́ta nọ́ńbà kan, tí a fi méje kún, jẹ́ méjìlélógún. Ọmọ náà ronú díẹ̀.

"Márùn-ún, mà," ó ní, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

Àlàyé náà kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

Olúgbénga dọ̀bálẹ̀ fún Bàrúwà. Bàrúwà gbé e dìde. "Èmi náà jẹ̀bi, Tíṣà. Máàkì ni mo máa ń bi í. Mi ò sọ fún un rí pé kó fi ìwé hàn mí."

Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún tó kán kò jẹ́ kí Toheebat lè tún ìdánwò náà kọ kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí, orúkọ rẹ̀ kò sì sí lára àwọn tó ṣe wáẹ̀kì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó pàdánù ọdún kan gbáko.

Ẹ̀yin tíṣà, máàkì lásán kò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. Ẹ fi ibi tó kù sí hàn án nígbà tí àyè àtúnṣe ṣì wà. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ti ìdánwò dé, ẹ bi í pé, "Kí lo ṣì? Báwo ni tíṣà ṣe ní kí o tún un ṣe?" Ẹ gbé ìhàlẹ̀ tì. Ọmọ tó bẹ̀rù ilé rẹ̀ lè gba ọ̀nà igbó lọ, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni a máa ń bá láàyè.