Kí Ojú Kouboura Tó Ṣú

Kouboura wà lókè àkàbà, amọ̀ pupa dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó ń bá àwọn mọlémọlé mẹ́ta wí, nígbà tí Célestin kọ́kọ́ rí i ní àdúgbò Houinmè.

“Ilé kì í ṣe fún ojú ẹni tó ń kọjá,” ó ń wí. “Ara ẹni tí yóò máa gbé inú rẹ̀ ló ni ín. Ibo ni atẹ́gùn yóò gbà wọlé síbí?”

Àkàbà yẹ̀. Célestin, olùkọ́ ìṣirò tó ń lọ síbi iṣẹ́, sáré dì í mú.

“Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má tíì fi sílẹ̀ o!”

“Bí mi ò bá fi sílẹ̀ mọ́ ńkọ́?”

Kouboura bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni Célestin ń yà síbẹ̀, títí ìfẹ́ fi wọ àárín wọn. Ayàwòrán ilé ni obìnrin náà. Ì bá jókòó sí ọ́fíìsì ní Kútọnù, ṣùgbọ́n kíkọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń fi amọ̀ kọ́lé ló wù ú jù.

Lọ́dún kejì, ìlà orí ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá mọ́ ọn lójú. Dókítà ní ìríran tó ti lọ kò ní padà, ìyókù náà ń lọ. Wọ́n gba iṣẹ́ kíkọ́ ilé-ìwé kan ní Ouando lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tilẹ̀kùn mọ́rí.

“Kí ni mo tún fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni?” ó sọ láti inú yàrá. “Célestin, lọ fẹ́ ẹni tó máa rí ẹ.”

Oṣù mẹ́ta ni kò fi ṣílẹ̀kùn fún un. Nílé, Pélagie, ìyá Célestin, ní, “Bí o bá fẹ́ afọ́jú, mi ò ní wá síbi ìgbéyàwó yín.”

Lọ́jọ́ kan, Faïzou, ọ̀kan nínú àwọn mọlémọlé, wá bẹ Kouboura: ògiri wọn ń sán, wọn ò mọ ìdí. Ó tẹ̀ lé e. Ó fọwọ́ pa ògiri náà, ó fi ìka ra erùpẹ̀ rẹ̀.

“Iyanrìn pọ̀ jù. Ẹ wó o.”

Wọ́n wó o láìjiyàn. Kouboura jókòó sórí òkìtì amọ̀, ó sunkún. Célestin, tí Faïzou ti ránṣẹ́ pè, jókòó tì í.

“Mo máa fọ́jú pátápátá, olùfẹ́ mi.”

“Mo mọ̀.”

“Kò sí oògùn.”

“Mo mọ̀, Koubou. Ṣé kí n wá rí bàbá ẹ lọ́jọ́ Jímọ̀?”

Kouboura fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀.

“Wá láàárọ̀. Mo ṣì ń rí díẹ̀ láàárọ̀.”

Kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé, ìyẹn náà ti lọ. Èrò kò pọ̀.

“Ṣé ìyá ẹ ti dé?” Kouboura béèrè.

Célestin wo àga tó ṣófo. Bó bá parọ́, Kouboura kò ní mọ̀.

“Wọn ò wá.”

Kouboura wá ọwọ́ rẹ̀ kàn, ó dì í mú ṣinṣin.

“Ó dáa. Sọ fún àwọn àgbà kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.”