Wákàtí Tí Kò Tíì Dé

Nọ́ọ̀sì kan wà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ọwọ́yá. Kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ló sọ ọ́. Kí ẹlòmíràn tó tọ́jú aláìsàn méjì, Ọwọ́yá á ti ṣe mẹ́fà, á ti jókòó, á sì máa fi àwọn yòókù ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìgbín ni wọ́n.

Ó ń lọ sílé ìjọsìn o, iwájú gan-an ló sì máa ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n irọ́ ló wà nídìí ọwọ́ yíyá yẹn.

Bí wọ́n bá ń fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára, nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́. Yóò máa wo bí ara rẹ̀ ṣe gbóná sí, bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, bí ó ṣe ń mí àti bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe rí, yóò sì máa kọ ọ́ sínú ìwé tó wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn. Lẹ́yìn náà, yóò máa padà wá wò ó títí ẹ̀jẹ̀ náà yóò fi tán. Ẹ̀jẹ̀ tí kò bá bá ara mu, ara á tètè sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà nítòsí ló máa gbọ́.

Ọwọ́yá kì í dúró. Bó bá ti wọn ti àkọ́kọ́ tán, ojú ẹsẹ̀ ló máa ń kọ ti àwọn wákàtí tó kù mọ́ ọn. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó so ẹ̀jẹ̀ kọ́ fún ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Aago mẹ́wàá ni. Ó kọ ìwé náà títí dé aago méjìlá, ó sì yíjú láti máa lọ.

"Sísítà, òtútù ń mú mi díẹ̀," ni ọ̀dọ́bìnrin náà wí.

"Fa aṣọ ìbora yẹn bora, jàre," ni Ọwọ́yá dáhùn, ó sì lọ mu tíì.

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù ló sáré wá pè é. Nígbà tó débẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin náà ń gbọ̀n, ẹ̀yìn ń dùn ún, kò lè mí dáadáa. Ọwọ́yá dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró, ó ké sí dókítà. Wọ́n sa gbogbo ipá wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ní aago mọ́kànlá ààbọ̀, ó dákẹ́.

Ìwé tó wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn sì ń sọ pé ní aago méjìlá, ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa.

Ọwọ́yá fa ìwé náà yọ, ó rún un, ó jù ú sínú ike ìdọ̀tí, ó sì yára kọ òmíràn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn. Dókítà kà á, ó gbà á gbọ́, ó sì sọ ọ́ fún ìyá olóògbé.

Lọ́sàn-án, ìyá náà wá di ọwọ́ Ọwọ́yá méjèèjì mú. "Sísítà," ó ní, "bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Láti kékeré ni ọmọ mi ti máa ń bẹ̀rù kó dá wà. Wọ́n ní ẹ ò fi í sílẹ̀. Ẹ ṣé o."

Ọwọ́yá wá ilẹ̀ tí yóò wọ̀, kò rí. Ó sá wọ yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ ibùsùn sí, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ibẹ̀ ni agbálẹ̀ bá a, ó na ìwé rírún kan sí i.

"Mo rí i níbi tí mo ti ń da ìdọ̀tí nù. N ò mọ̀wé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ aago kà."

"Ṣé ẹ máa mú un lọ fún ọ̀gá ni, màmá?"

"Rárá, ẹ̀yin lẹ máa mú un lọ. Èmi náà ti pa irọ́ rí tó tú ilé onílé ká, Jésù ló gbà mí."

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹn wà lọ́rùn mi."

"Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí Ọmọ Ọlọ́run fi ta ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ sílẹ̀. Kò kú fún ẹni tí ìwé ẹ̀ mọ́, Sísítà. Èyí tó dọ̀tí yìí ni kẹ́ ẹ mú tọ̀ ọ́ lọ."

Ọwọ́yá kúnlẹ̀ láàárín àwọn aṣọ ibùsùn. Lọ́jọ́ náà, kò yára. Ó jẹ́wọ́ irọ́ ọdún mẹ́sàn-án fún Ọlọ́run ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì bẹ Jésù kó gba òun. Nígbà tó dìde, kò fẹ́ sá mọ́.

Ó mú ìwé náà lọ fún dókítà, lẹ́yìn náà ó lọ bá ìyá náà. "Màmá, n ò sí níbẹ̀. Ó sọ fún mi pé òtútù ń mú òun, mo sì lọ."

Ìyá náà bi í pé, "Ó pè yín, ẹ ò dúró?"

"Ó pè mí, màmá. N ò dúró."

Ìyá náà kọjú sí ògiri. Ọwọ́yá pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Títí di òní, ìyá yẹn kò tíì sọ pé òun dárí jì í. Ọlọ́run ti dárí jì í, ó dá a lójú, síbẹ̀ ó ṣì máa ń sunkún ọmọ yẹn. Ta ni yóò sì ní kó má sunkún?

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, má tètè dá a lẹ́bi. Ìwọ náà ti kọ wákàtí tí kò tíì dé sílẹ̀. O ní bí ọmọ bá dàgbà, wàá jáwọ́ nínú ọtí. O ní bí o bá darúgbó, wàá ronú pìwà dà. Ta ló ṣèlérí aago méjìlá fún ọ? Ọ̀dọ́bìnrin yẹn kò dé ibẹ̀.

Jésù wà nítòsí rẹ báyìí. Ó mọ ohun tí o rún, tí o sọ nù. Má wá ìwé mìíràn kọ. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, jẹ́wọ́ fún un, kí o sì dìde lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀. Ṣe é lónìí, nígbà tí o ṣì ń mí.