Àmì Búlúù Lábẹ́ Ẹ́ńjìnnì

Ní agogo mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, iṣẹ́ dúró ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ tó ń fa omi. Ogójì ẹ́ńjìnnì oníná tó yẹ kó wà lórí pẹpẹ keje nínú stọ́ọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ojú ibi tí wọ́n jókòó sí mọ́ roro láàárín eruku, ó sì hàn pé ẹni tó kó wọn kò kánjú rárá.

Àwọn òṣìṣẹ́ ti pagbo sẹ́nu ọ̀nà. Èèyàn mẹ́ta ló dúró níwájú pẹpẹ òfìfo náà: Mánéjà, ọkùnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Ìgbálẹ̀, tó wá ń kọ́ wọn níṣẹ́, àti Ìyá Stọ́ọ̀, tó ti ń tọ́jú ibẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún láìsí pé nọ́ọ̀tì kan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbálẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ta ni stọ́ọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Ó wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, níbi tẹ́ ẹ ní ká máa fi kọ́. Ẹ ní wíwá kọ́kọ́rọ́ kiri, ìfàkókòṣòfò ni."

"Mi ò béèrè ìṣó. Ta ló ń bójú tó stọ́ọ̀?"

"Èmi ni."

"Mánéjà, ẹ ti gbọ́."

Mánéjà gbọ́ lóòótọ́. Ọkùnrin tí ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn máa ń darí ni. Ó wo ilẹ̀, ó wo àwọn òṣìṣẹ́, ó ní, "Ìyá Stọ́ọ̀, ó di ọjọ́ Ẹtì. Tí ogójì ẹ́ńjìnnì yẹn ò bá yọjú, màá fà yín lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Èmi ò lè máa fi olè ṣọ́ stọ́ọ̀."

Olè. Lójú gbogbo èèyàn. Oṣù mẹ́rin péré ló kù kí obìnrin náà fẹ̀yìntì, kò sì ní ohun mìíràn tó fẹ́ mú kúrò níbẹ̀ ju orúkọ rere lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun, ṣùgbọ́n kò sunkún. Kì í ṣe iwájú Ìgbálẹ̀ ni òun máa ti sunkún.

Ìdí tí wọ́n fi sọ ọkùnrin yẹn ní Ìgbálẹ̀ ni pé "ẹ gbá a dànù" ló fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, òun náà ló fi ń parí ẹ̀. Oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ló dé pẹ̀lú bàtà tó ń dán àti bírò aláwọ̀ mẹ́ta lápò àyà, ó ní òun wá kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ láìfi nǹkan ṣòfò. Ká sòótọ́, ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ kò burú. Káàdì funfun kan á máa wà lára àpótí ọjà kọ̀ọ̀kan. Bí ọjà inú àpótí bá ti fẹ́ tán, wọ́n á mú káàdì náà lọ sára pátákó, káàdì ló máa pe òmíràn wá. Kò ní sí pé ọjà ń kún inú stọ́ọ̀ dé àjà. Ìyá Stọ́ọ̀ fẹ́ràn káàdì yẹn gan-an. Ẹ̀kọ́ gidi ni, ẹnu olè ló bọ́ sí.

Káàdì pupa ló wá fi ìwà Ìgbálẹ̀ hàn. Ohunkóhun tí ọwọ́ ò bá kàn fún ọgbọ̀n ọjọ́, á lẹ káàdì pupa mọ́ ọn, á ní egbin ni, ọkọ̀ á sì kó o jáde. Pẹpẹ ń ṣófo, Mánéjà ń pàtẹ́wọ́. Bí ọjà kan bá wá tán lójijì, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Yára-Kó-Dé á gbé irú ẹ̀ gan-an wá láàárín wákàtí méjì. Ọjà tí ọkọ̀ ojú omi máa ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbé wá ni o. Nínú gbogbo àwọn tó kàwé nílé iṣẹ́ yẹn, kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí wọ́n ti ń rí i. Ogójì ẹ́ńjìnnì ńlá yìí nìkan ni Mánéjà kọ̀ jálẹ̀ pé kò gbọdọ̀ gba káàdì pupa, torí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn làwọn àgbẹ̀ máa ń wá ra ẹ̀rọ ńlá, ẹ̀ẹ̀rùn sì ti dé tán.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn náà, wọ́n fi káàdì kọ́ sára pátákó. Kí ó tó di agogo mọ́kànlá, Yára-Kó-Dé ti gbé ogójì ẹ́ńjìnnì ńlá dé, wọ́n ti fi ọ̀dà eérú tuntun kùn gbogbo wọn.

"Ẹ wò ó," ni Ìgbálẹ̀ wí. "Ẹni tó bá ní ètò, olè ò lè dá iṣẹ́ ẹ̀ dúró."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ìyá Stọ́ọ̀ ṣe ohun tó máa ń ṣe sí gbogbo ọjà tó bá wọlé: ó lóṣòó sílẹ̀, ó ti èyí tó wà níwájú ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì wo abẹ́ rẹ̀. Àmì búlúù méje ló wà níbẹ̀, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ. Ó wo èkejì, méje. Ẹ̀kẹta, méje.

Òun ló tẹ̀ wọ́n. Ẹ́ńjìnnì tó bá jókòó pẹ́ lójú kan, gbogbo ìwúwo irin àárín rẹ̀ á máa tẹ bíárìn, òrùka tó ń jẹ́ kí irin náà yí, níbì kan ṣoṣo, gíríìsì á sọ̀kalẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá tan iná sí i ni á máa kérora bí aláìsàn. Nítorí náà, lóṣooṣù, obìnrin yìí máa ń fi ọwọ́ yí irin náà ní ìdá mẹ́rin, á sì fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tẹ àmì búlúù kan sábẹ́ rẹ̀ kí ó má bàa gbàgbé. Oṣù méje ló fi yí ogójì yẹn. Ọjọ́ kẹta tí Ìgbálẹ̀ dé ló bá a lẹ́nu ẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń ṣe?" ló bi í lọ́jọ́ náà.

"Mò ń yí wọn ni, sà."

"Ṣé oníbàárà ń sanwó fún yíyí?"

"Rárá."

"Egbin nìyẹn. Ẹ fi sílẹ̀."

Kò béèrè ìdí tó fi ń yí wọn, kò sì wo abẹ́ wọn; obìnrin náà ń yí wọn lọ lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni tí epo ò kan ìka ẹ̀ rí. Wọ́n ní olè tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Eléyìí ti ríbi fọn ọ́n: ààfin ọba gan-an ló gbé e padà sí.

Ìyá Stọ́ọ̀ lọ sí ọ́fíìsì Mánéjà. Ìgbálẹ̀ ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ó fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Mánéjà gbọ́ ọ̀rọ̀ àmì búlúù, ó wo ojú Ìgbálẹ̀, Ìgbálẹ̀ sì rẹ́rìn-ín. "Ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ló ń tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Gbogbo wọn ló ní in."

"Ṣé ẹ gbọ́, Ìyá Stọ́ọ̀?" ni Mánéjà wí. "Ọjọ́ Ẹtì ò jìnnà."

Obìnrin náà padà sílé. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún aago ṣe, gbọ́ gbogbo ẹ̀ láìgbé ojú kúrò lára aago tó tú sílẹ̀. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́," ló sọ. "Kó o tó dọ́dọ̀ ọlọ́pàá tí wọ́n máa fà ẹ́ lé lọ́wọ́, kúkú fẹsẹ̀ ara ẹ rìn lọ."

Sájẹ́ǹtì tó bá ní àgọ́ ọlọ́pàá jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí oorun ń kùn. Ó jẹ́ kó sọ tán.

"Àmì búlúù kì í ṣe ẹ̀rí," ló wí. "Ọkùnrin yẹn lè ní ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí ọjà dé. Mo fẹ́ mọ ibi tí ọkọ̀ yẹn ti ń gbẹ́rù. Kí lẹ lè mú kó gbé wá, tí kò sí níbòmíì láyé?"

Ìyá Stọ́ọ̀ rò ó díẹ̀, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kan wà tó máa ń fẹ́ atẹ́gùn sínú yàrá gbígbóná tí ọ̀dà ti ń gbẹ. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kógbá wọlé kí Mánéjà tó jáde ilé ìwé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán nígbà kan rí, wẹ́dà ilé iṣẹ́ ló jó o padà, ó sì jó o wọ́. Ìgbálẹ̀ ti fi káàdì pupa kó o dànù ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Lójú Ìgbálẹ̀, gbogbo ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì ni.

Ní agogo mẹ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Ìyá Stọ́ọ̀ kọ káàdì pé òun fẹ́ irú ẹ́ńjìnnì yẹn, ó fi kọ́ sára pátákó. Ìgbálẹ̀ kà á, ó tẹ fóònù. Agogo mọ́kànlá kò tíì lù tí ọkọ̀ Yára-Kó-Dé fi wọlé. Wọ́n ti kùn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ náà bí ìyàwó, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wíwọ́ ò ṣeé kùn tọ́. Ìyẹ̀fun pákó tó lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá Stọ́ọ̀ fọwọ́ sí ìwé, ó bọ́ sí títì, ó sì wọ ọkọ̀ Sájẹ́ǹtì tó ń dúró lẹ́yìn ògiri. "Òun ni," ló wí.

Wọ́n tẹ̀ lé ọkọ̀ náà kọjá ọjà, kọjá ilé epo. Nígbà tí wọ́n dé ojú irin, ó yára sọdá, rélùwéè sì dí ọ̀nà mọ́ wọn. Àádọ́ta wágọ́ọ̀nù ló kọjá. Nígbà tí ọ̀nà là, kò sí ọkọ̀ lójú títì mọ́. Sájẹ́ǹtì fọwọ́ lu sítíárìn.

"Ó bọ́."

"Kò bọ́, mà," ni Ìyá Stọ́ọ̀ wí. "Ìyẹ̀fun pákó tútù ló wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì yẹn. Níbo ni wọ́n ti ń la gẹdú lápá ibí?"

Ilé ìlagi kan ṣoṣo ló wà lápá ibẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n bá ọkọ̀ náà níwájú àká onípáànù kan. Wọ́n wọlé. Gbogbo ohun tó ti gba káàdì pupa fún oṣù mẹ́fà wà níbẹ̀, tó kún dé àjà: bíárìn, wáyà, páìpù, nọ́ọ̀tì lápò lápò, káàdì pupa ṣì wà lára òmíràn. Ẹni tó ń wàásù pẹpẹ òfìfo fún gbogbo ayé, tirẹ̀ ò ní àyè tí eku lè gbà kọjá.

Sájẹ́ǹtì gbá awakọ̀ náà mú ní kọ́là. "Ta ló gbà ẹ́ síṣẹ́?"

"Ọ̀gá ni."

"Ọ̀gá wo?"

"Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọn ò ṣe ní í fi nǹkan ṣòfò."

"Òótọ́ ni," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Òun alára ò fi nǹkan kan ṣòfò."

Ìgbà tó ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ ló rí i pé fóònù awakọ̀ ń tàn lápò rẹ̀. Ó ti pe ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyẹn sì ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n sáré padà sí ilé iṣẹ́.

Wọ́n bá Ìgbálẹ̀ tó ń ti ìwé bọ àpò. Bó ṣe rí Sájẹ́ǹtì lẹ́nu géètì, ó ju àpò náà sílẹ̀, ó ki eré mọ́lẹ̀, ó gba inú stọ́ọ̀ lọ tààrà síbi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó ti gbàgbé. Oṣù tó kọjá ni òun fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n fi bíríkì dí ilẹ̀kùn yẹn, pé ilẹ̀kùn méjì fún stọ́ọ̀ kan, egbin ni. Ó dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri bí ẹni pé ògiri á gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó rí i bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló kó ogójì ẹ́ńjìnnì?" ni Sájẹ́ǹtì bi í.

"Ẹ jẹ́ ká jókòó sọ ọ́."

"Ta ló kó wọn?"

"Èmi ni. Ọjọ́ Àìkú. Mo mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó."

"Obìnrin yìí ńkọ́?"

"Kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀." Ó wo Ìyá Stọ́ọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Àmì wo lẹ sọ pé ó wà lábẹ́ wọn?"

"Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́," ni Ìyá Stọ́ọ̀ dá a lóhùn. "Òkè lo ń wò, o ò wo ìsàlẹ̀."

Wọ́n mú un lọ, ọ̀kan nínú bàtà dídán rẹ̀ wà níwájú ògiri.

Mánéjà sún mọ́ ọn, ó ń fọwọ́ pa ọwọ́. "Ìyá Stọ́ọ̀, ẹ wọlé sí ọ́fíìsì mi, ká sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́."

"Iwájú wọn lẹ ti pè mí lólè, sà. Iwájú wọn náà lẹ máa ti kó ọ̀rọ̀ yín jẹ."

Ó kó o jẹ. Ó sọ ọ́ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́: obìnrin yìí kì í ṣe olè, òun Mánéjà ni òmùgọ̀. Ẹnikẹ́ni ò jiyàn. Ìgbà yẹn ni omi tó wá bọ́ lójú Ìyá Stọ́ọ̀, ó sì jẹ́ kó bọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì tí wọ́n ti dá fún un, Mánéjà bá a níwájú pẹpẹ keje pẹ̀lú ìkòkò ọ̀dà búlúù. Kọ́kọ́rọ́ ti kúrò lórí ìṣó, ó wà lọ́rùn rẹ̀. Káàdì funfun ṣì wà lára àpótí gbogbo, torí kò yọ ìyẹn.

"Kí ni mo lè ṣe?" ni Mánéjà bi í.

"Ẹ ká ọwọ́ aṣọ yín. Ẹ di irin àárín yẹn mú, kẹ́ ẹ yí i ní ìdá mẹ́rin. Jẹ́jẹ́."

Mánéjà yí i. Epo ta sí ọwọ́ aṣọ funfun rẹ̀. Ìyá Stọ́ọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì náà, ó sì tẹ àmì kẹjọ.

"Ó ku mọ́kàndínlógójì," ló wí.