Ọ̀rọ̀ Tí Olóòtú Fi Pẹ́ńsù Pupa Kọ

"Ọmọkùnrin tó ń fẹ́ ọmọ aránṣọ yẹn..."

"Èwo? Ahunṣọ ilé iṣẹ́ ńlá yẹn?"

"Òun náà ni. Wọ́n ní ó wà lára àwọn tó... ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu mi o."

"Àwọn tó ṣe kí ni?"

"Ìwé ìròyìn ni kí ẹ lọ bi."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ti ẹnu bọ́ sí ẹnu, títí ó fi dé etí ọmọ aránṣọ gan-an, ẹni tí gbogbo ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn tó ti ń ṣiṣẹ́ ń pè ní Sísí Táípù. Bí akọ̀ròyìn bá pè lórí tẹlifóònù láti ìta, òun ló ń gbọ́ ọ, tí ó sì ń tẹ ohun tó gbọ́ sórí ẹ̀rọ bó ṣe ń jáde lẹ́nu onítọ̀hún.

Ìdí ẹ̀rọ yẹn ni ahunṣọ ti kọ́kọ́ rí i. Ó mú ìkéde ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wá, ó dúró lójú fèrèsé, ó ń wo bí ìka rẹ̀ ṣe ń sáré. Ó ní, "Ìka yìí ì bá mà mọ aṣọ hun o!" Sísí Táípù, tí kì í fọhùn láwùjọ, bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá a.

Ní òwúrọ̀ tí à ń wí yìí, bàbá rẹ̀ fi awò sójú, ó ń ka ìwé ìròyìn sókè bí ó ti máa ń ṣe: "Àwọn jàǹdùkú dí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ aṣọ."

Ó ká ìwé náà. "Ọmọ mi ò ní fẹ́ jàǹdùkú. Ó parí."

"Bàbá, irọ́ ni."

"Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń ka ìwé yìí. Ìgbà wo ló purọ́ fún mi rí?"

Sísí Táípù mọ bó ṣe jẹ́. "Òṣìṣẹ́" ni akọ̀ròyìn pè, "òṣìṣẹ́" náà lòun tẹ̀. Olóòtú ló fi pẹ́ńsù pupa fa igi lé e, tó kọ "jàǹdùkú" sókè rẹ̀, tó ní, "Tún un tẹ̀." Òun sì tún un tẹ̀, ó panu mọ́. Ìyẹn ló ń dùn ún jù.

Ahunṣọ dé nírọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ta ló tẹ ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Èmi ni, ààyò mi. Olóòtú ló—"

"Ìwọ! Má pè mí ní ààyò. Ẹni tó ń pè mí ní ààyò nílé, tó ń pè mí ní jàǹdùkú níbi iṣẹ́!"

Ó yí padà, ó lọ.

Sísí Táípù sunkún títí ẹkún fi di ìbínú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ dúró níwájú bàbá rẹ̀. "Ìwé lẹ gbà gbọ́, ẹ ò gba ọmọ yín gbọ́. Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ bá ẹni tó kọ ọ́."

"Yéè! Ọmọ tí kì í lanu!" Ìyá rẹ̀ káwọ́ lérí.

Bàbá ń fapá jánú, ṣùgbọ́n ó dé fìlà.

Nígbà tí wọ́n fi máa padà, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Sísí Táípù. Bàbá ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe ahunṣọ.

Ahunṣọ dé, ó dúró ṣánṣán. "Bàbá, mi ò wá bẹ̀bẹ̀ o."

"Ta ní ní kí o bẹ̀bẹ̀? Jókòó, ọmọ mi. Èmi ni mo jẹ̀bi rẹ. Ìyàwó rẹ nìyí, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ nítorí rẹ."

Ahunṣọ wo Sísí Táípù, ara rẹ̀ rọ̀. Ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kí ni olóòtú ọ̀hún tiẹ̀ wí gan-an?" Ìyá bi í.

Bàbá bọ́ fìlà sílẹ̀. "Mo ní, 'Ta ni wọ́n lù? Kí ni wọ́n fọ́?' Ó ní, 'Bàbá, wọn ò lu ẹnikẹ́ni, wọn ò fọ́ nǹkan kan. Ẹni tó bá ti dá iṣẹ́ sílẹ̀, jàǹdùkú la máa ń kọ.'"