Ọjọ́ Mẹ́fà Tó Kù Fún Wa

"Ọdún yín ti pé. Ẹ kó ẹsẹ̀ yín kúrò nínú oko mi."

Bí Bàbá Kàdírì ṣe bá wa sọ̀rọ̀ nìyẹn, láìkí wa, láìjókòó. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Jímọ̀ tán ni. Kàdírì ọmọ rẹ̀, tí a jọ wà ní kíláàsì kan náà, dúró tì í pẹ̀lú ọkọ́ méjì léjìká. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ọkùnrin yìí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tó jẹ́, níbi àdúrà ogójì bàbá mi ló ti bi ìyá mi pé ìgbà wo ni yóò kó ẹrù rẹ̀.

Ìyá mi ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́. Kò dìde. "Bàbá Kàdírì, ẹ ṣì í kà. Ó ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún."

"Ta ló kà á fún ọ?"

"Mùyìbátù ni."

Kàdírì rẹ́rìn-ín. Èmi ni Mùyìbátù.

Ọ̀rọ̀ ọdún tí à ń jà lé lórí kò ṣòro. Níbi ogójì yẹn, Bàbá Kàdírì ní ilẹ̀ ẹbí ni oko tó wà lọ́nà Òfìkì, ìyàwó kì í jogún rẹ̀. Lèmọ́mù bẹ̀ ẹ́ títí, ó gbà kí a fi ọdún kan dá oko níbẹ̀. "Ọdún òṣùpá ni o," ó wí lójú gbogbo èèyàn. "Oṣù Jumádà Kìn-ín-ní ló lé lánàá. Ọjọ́ tó bá tún lé, ilẹ̀ mi padà sọ́wọ́ mi, ohunkóhun tó bá sì wà nínú rẹ̀, èmi ni mo ni ín."

Mo gbọ́ ọ ketekete. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń gba ipò kìíní nínú ìṣirò ní gbogbo ìgbà, mo délé, mo fi bírò pupa yí ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá po lára kàlẹ́ńdà. Lójú tèmi, ọdún kan kò ju ọdún kan lọ. Ìyá mi gbà mí gbọ́. Ẹgbẹ̀rin ebè iṣu ló kọ, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n gbó dáadáa, nítorí pé inú wọn ni a óò ti rí ohun tí a máa jẹ, inú wọn náà ni a óò ti rí èèbù tí a máa gbìn sí ilẹ̀ tí àbúrò rẹ̀ fẹ́ fún un ní Komu.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ yìí, Bàbá Kàdírì wá ń ka ọjọ́ sí wa létí. "Kàlẹ́ńdà òyìnbó lo gbójú lé. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n la máa ń jáde lọ wo oṣù, àbí irọ́ ni? Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lọ́nà méjìlá, ọ̀ọ́dúnrún lé méjìdínláàádọ́ta. Ó ti pé."

"Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ Alfa Ismaheel," ni ìyá mi wí.

"Lẹ́yìn ìrun alásárì. Kí ẹnikẹ́ni má sì wú ẹyọ iṣu kan kó tó dìgbà náà."

Alfa Ismaheel ló ń kọ́ wa ní kéwú, òun ló sì ń ṣọ́ oṣù fún àdúgbò wa ní Tẹ̀dé. Bí oṣù bá ti di ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, a máa ń tẹ̀ lé e jáde sẹ́yìn mọ́sálásí nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Bí a bá rí oṣù tuntun, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni oṣù tó parí náà jẹ́. Bí a kò bá rí i, a ó fi ọjọ́ kan kún un kó di ọgbọ̀n. Ojú Alfa ti ń ṣe bàìbàì, nítorí náà èmi ló ń bá a kọ iye rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Inú àpò mi ni ìwé náà wà lọ́jọ́ yẹn.

Mo wọ yàrá lọ, mo ṣí i, mo ro oṣù méjìlá náà pọ̀. Mẹ́fà jẹ́ ọgbọ̀n, mẹ́fà jẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, bí mo bá ka èyí tí a wà nínú rẹ̀ sí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún lé mẹ́rìnléláàádọ́ta. Mo tún un rò, ibẹ̀ náà ló já sí. Mo ti fi ọjọ́ mọ́kànlá ṣì í kà, Bàbá Kàdírì sì ti fi mẹ́fà ṣì í. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ló kù fún wa.

Ó yẹ kí n jáde lọ sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ó yẹ. Ṣùgbọ́n mo ronú ẹgbẹ̀rin ebè àti obìnrin méjì, mo ronú ìdánwò tí a máa bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé, mo sì ronú bí Kàdírì ṣe máa tú u ká ní kíláàsì pé Mùyìbátù kò mọ ọdún kà. Ìkórìíra tí mo ní sí bàbá rẹ̀ tún dé e ládé. Mo ya ewé náà. Mo kọ òmíràn, ọgbọ̀n lọ́nà méjìlá, kí ọjọ́ mẹ́fà lè di méjìlá. Mo ju èyí tí mo ya sínú iná lábẹ́ ìkòkò ìyá mi, mo sì dúró títí ó fi jóná tán.

Èèyàn ti pọ̀ níwájú ilé Alfa nígbà tí a débẹ̀. Mo na ìwé sí Alfa, Bàbá Kàdírì gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. "Kàdírì ni yóò kà á. N kò fọkàn tán èyí."

Kàdírì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. "Jumádà Kìn-ín-ní, ọgbọ̀n. Jumádà Kejì, ọgbọ̀n. Rajabu, ọgbọ̀n. Ṣàábánì, ọgbọ̀n. Oṣù Ààwẹ̀, ọgbọ̀n." Ó dúró. Ó wò mí. "Ọgbọ̀n ọjọ́ la gba ààwẹ̀ ni?"

Mo ti gbàgbé pé kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ tí kò gba ààwẹ̀ náà. Ìyá arúgbó kan ní mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, òun kò sì lè gbàgbé, nítorí pé kò tíì lọ ata rẹ̀ tí wọ́n fi kéde pé ọ̀la lọdún. Ẹ̀rín sọ. Alfa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Kà á tán," ó wí fún Kàdírì. Nígbà tó kà á tán, Alfa yíjú sí mi. "Oṣù méjìlá, gbogbo rẹ̀ ọgbọ̀n. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣọ́ oṣù, n kò rí irú rẹ̀ rí. Ewé tí a kọ dà?"

"Mo ti sun ún, Alfa."

Ìyá mi bo ojú rẹ̀.

Alfa fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ fún wọn pé ọdún òṣùpá kì í ju ọ̀ọ́dúnrún lé mẹ́rìnléláàádọ́ta lọ, àfi ìgbà tó bá fi ọjọ́ kan lé. Pé Bàbá Kàdírì náà ṣì í kà, torí pé kì í ṣe gbogbo oṣù là ń rí ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n tí a bá jáde. Pé ó ku ọjọ́ mẹ́fà.

"Ẹ̀rí rẹ̀ dà?" ni Bàbá Kàdírì bi í. "Ọmọ kéwú yín purọ́, ẹ̀yin fẹ́ tún un ṣe. Ìwé wo lẹ fẹ́ fi dá mi lẹ́jọ́? N kò dúró de oṣù kankan mọ́."

Alfa wo ìwé tó wà lọ́wọ́ Kàdírì. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, wọ́n ń sọ pé ọmọ tó lè yí oṣù Ààwẹ̀ padà, kí ni kò lè yí. Wọ́n gbé ilẹ̀ fún Bàbá Kàdírì.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wú iṣu wa. Ìyá mi kò nà mí, kò bú mi. Ohun kan ṣoṣo ló sọ, kò sì gbójú sókè nígbà tó ń sọ ọ́. "Ọjọ́ mẹ́fà ìbá tó wa, Mùyìbátù. Èmi àti ìwọ, à bá wú u tán."

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà, mo ń ti ibi ìdánwò bọ̀. Bàbá Kàdírì dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń ka iṣu tó kẹ́yìn wọlé. Àwọn ọmọ kéwú pariwo lẹ́yìn mọ́sálásí, gbogbo wa sì gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Oṣù Jumádà tuntun ti lé, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó mọ́ kedere. Bàbá Kàdírì wò ó pẹ́. Ó wá wò mí, ó gbójú kúrò, ó sì wọlé lọ. Ó mọ̀ báyìí pé iṣu wa ló kó, ṣùgbọ́n wọ́n ti dá ẹjọ́ náà tán, kò sí ẹni tó máa bi í.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi, òtítọ́ wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, ó kéré lójú mi, mo sì sun ún. Irọ́ tí mo fi rọ́pò rẹ̀ kò fi ọjọ́ kan kún tiwa. Mẹ́fà tí a ní gan-an ló gbà lọ.