Mẹ́rìnlá Lórí Mítà

Iye tó wà lójú mítà ti dára jù, ohun tó ba rewáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, lẹ́rù nìyẹn.

Fólítì mẹ́rìnlá àti díẹ̀ ni. Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, òjò ń ta wínníwínní sórí páànù ṣọ́ọ̀bù, okùn pupa mítà wà lórí bátìrì, okùn dúdú náà wà níbi tó yẹ kó wà. Bí ẹ́ńjìnì bá kú, bátìrì tó kún máa ń ka méjìlá àti ààbọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, tí alitanétọ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣáájì bátìrì, sì ń fún un níná bó ṣe yẹ, á gòkè dé mẹ́rìnlá. Ẹlòmíì ì bá ti nu ọwọ́ rẹ̀, kó ní ọkọ̀ ò ṣe nǹkan kan, kó máa lọ jẹun. Ṣùgbọ́n rewáyà mọ ohun tí ẹlòmíì ò mọ̀: kò sí nǹkan kan nínú alitanétọ̀ yẹn. Òfìfo ni. Òun fúnra rẹ̀ ló kó ìfun rẹ̀ jáde ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, tó sì fà á lọ́wọ́ lọ síbi tó ti kọ́ṣẹ́. Lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ẹ̀gbọ́n ní kó bá òun yẹ ọkọ̀ wò bóyá ó ń fún bátìrì níná dáadáa. Kò ju kó gbé mítà lé e lọ. Ṣùgbọ́n ó gbàgbé mítà sílé, ó sì ń ṣe ọ̀lẹ àtilọ mú un, ló bá ṣe é bí àwọn àgbà iṣẹ́ ṣe máa ń ṣe é láyé àtijọ́: ó yọ orí bátìrì, irin tó so wáyà ọkọ̀ mọ́ ọn, nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì ń ṣiṣẹ́, pé bí kò bá kú, alitanétọ̀ dára nìyẹn. Ẹ́ńjìnì ò kú o. Alitanétọ̀ ló jóná, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù kan.

Ojú tì í. Ó kó wáyà tó jóná inú rẹ̀ jáde, ó dá karawun rẹ̀ padà kí bẹ́líìtì lè rí nǹkan yí, ó ṣáájì bátìrì títí tó fi kún, ó sì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kò sóhun tó ṣe ọkọ̀. Ó rò ó pé kí bátìrì tó kú, òun á ti rí alitanétọ̀ mìíràn fi sí i. Àfi bí wọ́n ṣe gbé ẹ̀gbọ́n lọ sí ìlú mìíràn lọ́jọ́ kejì, pé kó lọ máa kọ́ àwọn olùkọ́ tuntun níṣẹ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi wa ọkọ̀ yẹn kiri kó tó padà dé lónìí.

"Ṣé ó dára?" Inú ọkọ̀ ni ohùn ẹ̀gbọ́n ti jáde wá, ó rẹlẹ̀ bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Rewáyà gbójú sókè. Háà, ẹ̀gbọ́n yìí mà ti rù o! Kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ fẹ̀ ju ọrùn rẹ̀ lọ, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti yọ síta. Dókítà mẹ́ta ló ti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ dára, ọkàn dára, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀. Ẹ má pa á o, ẹ kàn sọ̀kalẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ṣílẹ̀kùn, ó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó gbé ìkejì. Mítà já wálẹ̀. Mẹ́tàlá, méjìlá, kò dúró, ó ń lọ sí mọ́kànlá. Iná iwájú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

"Ẹ padà jókòó."

"Kí lo ń fi mí ṣe, ìwọ ọmọ yìí? Jókòó, dìde, jókòó. Ṣé eré ìdárayá ni mo wá ṣe ni?" Ṣùgbọ́n ó jókòó. Mítà gòkè lọ wẹ́rẹ́, ó dúró lórí mẹ́rìnlá. Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀, ó gbé orí ti àga.

"Ó máa ń rẹ̀ mí bí mo bá ti jókòó síbí," ló wí. "Ó sì tún máa ń dùn mọ́ mi. Bíi kí n má dìde mọ́."

Rewáyà na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ó pa ẹ́ńjìnì, ó gbé apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́rùn, ó mú un lọ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ fèrèsé, oorun sì gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Alitanétọ̀ tuntun ti wà ní ṣọ́ọ̀bù láti oṣù mẹ́ta. Ó ní òun á fi sí i báyìí-báyìí, kí ọ̀rọ̀ yìí parí síbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fẹ́ ṣe é bí ìwé ṣe wí, pé ká kọ́kọ́ tú orí bátìrì ká tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó mú sípánà, ó tú u, ó gbé e kúrò.

Ẹ̀gbọ́n tó ń hanrun dákẹ́.

Rewáyà kọ́kọ́ rò pé ó jí ni. Ó yíjú. Àyà ẹ̀gbọ́n ò lọ sókè, kò sọ̀kalẹ̀. Ètè rẹ̀ ti ń funfun. "Bọ̀dá! Bọ̀dá mi!" Ó fò lọ bá a, ó gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, ara rẹ̀ tutù. Kò mọ ohun tó sọ sí i lọ́kàn tó fi yí padà sáré lọ síbi ọkọ̀, tó fi ọwọ́ lásán tẹ orí bátìrì náà mọ́ àyè rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n hanrun lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń mí lọ. Rewáyà ò dán an wò lẹ́ẹ̀kejì. Ta ló máa dán irú ẹ̀ wò?

Ó fi alitanétọ̀ tuntun sí i láì tú bátìrì, iná ń ta pàrà sí i lọ́wọ́, omijé ń já bọ́ sórí ẹ́ńjìnì. Nígbà tó parí, mítà ka mẹ́rìnlá láìsí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀gbọ́n ti ń sanra, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ohun tí ọkọ̀ yẹn ti fà lára rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, inú bátìrì ló ṣì wà. Rewáyà mọ̀. Ó sì mọ̀ pé bátìrì kì í sábà lò ju ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin lọ.

Ó yẹ kó sọ. Àràárọ̀ ló ń múra àtisọ ọ́. Ṣùgbọ́n ibo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀? Bó bá sọ ti bátìrì, á sọ ti alitanétọ̀ tó jóná, á sọ ti irọ́ tó pa fún ẹni tó já oúnjẹ lẹ́nu ara rẹ̀ fi bọ́ ọ. Ló bá sọ ìdajì: "Bọ̀dá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bátìrì yìí. Èmi nìkan ni." Ẹ̀gbọ́n fi í rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ yìí ti fẹ́ yí i lórí. Láràárọ̀, rewáyà á ti dúró síwájú ilé ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú mítà lọ́wọ́. Bó bá ti rí méjìlá àti ààbọ̀, á mí kanlẹ̀, á lọ síbi iṣẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò tún ń rọ̀, ẹ̀gbọ́n pè é lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ yá gágá.

"Àbúrò mi, má wá lọ́la mọ́ o. Mò ń rí ẹ láràárọ̀, nínú òjò, nínú òtútù, torí bátìrì gbígbó. Àánú ẹ ń ṣe mí. Mo ti ra tuntun."

"Bọ̀dá, níbo lẹ wà?"

"Ṣọ́ọ̀bù kan ni, lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́. Fọkàn balẹ̀ jàre, ọ̀gá náà mọṣẹ́."

"Bọ̀dá, ẹ ní kó dúró! Ẹ gbọ́ mi, irọ́ ni mo pa fún yín lọ́jọ́sí, alitanétọ̀ yẹn..."

"Irọ́ wo? Ariwo pọ̀ níbí, mi ò gbọ́ ẹ dáadáa. Ó ti ń tú u lọ́wọ́ báyìí, ó ku..."

Rewáyà gbọ́ bí fóònù ṣe bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì. Ó gbọ́ òjò. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn ọkùnrin tí kò mọ̀ rí, tó ń sọ pé, "Ọ̀gá? Ọ̀gá, kí ló dé?"

"Ẹ dá orí bátìrì padà!" ni rewáyà ń ké. Ó ń ké e léraléra, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni fóònù wà, kò sẹ́ni tó gbé e.